Ẹjọ́ Tí Etí Kò Gbọ́: Ògbufọ̀ àti Físà Tí Wọ́n Wọ́gi Lé

Ọ̀rọ̀ òfin ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ìyẹn yí rédíò yín sí ibòmíràn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọmọ, àbúrò tàbí òbí ní òkè òkun, ọ̀rọ̀ yìí kàn án. Ẹni tí kò tilẹ̀ ní ẹnì kankan lọ́hùn-ún, bó bá ti dúró rí níwájú aláṣẹ tó ń sọ èdè tí òun kò gbọ́, ó ti mọ díẹ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní ìpínlẹ̀ Queensland lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, wọ́n fi létà kan lé ọkùnrin kan tó ń ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀yà Hazara ni, láti ilẹ̀ Afghanistan. Òfin ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ilé-ẹjọ́ dárúkọ ẹni tó wá sá di orílẹ̀-èdè wọn, nítorí náà EFX17 ni wọ́n kọ sára ìwé ẹjọ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ létà náà, Gẹ̀ẹ́sì ìjọba, tó ń tọ́ka sí abala òfin lọ́tùn-ún lósì. Ọkùnrin tí wọ́n kọ ọ́ sí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì débi tó lè fi ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú létà náà ni pé ìjọba ti wọ́gi lé físà rẹ̀, àti pé bó bá ní àlàyé kan tí wọ́n lè torí rẹ̀ dá físà náà padà, ọjọ́ 28 ló ní láti fi ṣe é.

Ọjọ́ ti ń lọ. Ẹni tí ọjọ́ ń lọ mọ́ lórí kò mọ̀ pé wọ́n ń ka ọjọ́ fún òun.

Kí ẹ lè mọ bí létà yẹn ti wúwo tó, mo ní láti sọ díẹ̀ nípa òfin tó bí i. Migration Act ti ọdún 1958 ni ìwé òfin tí Ọsirélíà fi ń ṣàkóso wíwọlé àti jíjáde àwọn àjèjì. Abala 501 nínú rẹ̀ ló dá lórí ìwà: àjèjì tí ìwà rẹ̀ kò bá tẹ́ ìjọba lọ́rùn, wọ́n lè gba físà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á kọ́kọ́ rò ó wò: ọdún mélòó ló ti ń gbé ibẹ̀, ọmọ mélòó ló bí síbẹ̀, kí ni yóò bá a bí wọ́n bá dá a padà síbi tó ti wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, wọ́n fi ìlà tuntun kan kún abala náà. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti dá ẹ̀wọ̀n oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àjèjì kan, tó sì wà nínú ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́, dandan ni kí wọ́n wọ́gi lé físà rẹ̀. Mínísítà kò ní yíyàn kankan níbẹ̀. Òfin kan náà sì sọ ọ́ ní gbangba pé ìlànà gbígbọ́ tẹnu ẹni kí a tó dájọ́ kò kan ìpinnu yìí. Wọ́n á kọ́kọ́ gba físà ná. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà á tán ni wọ́n á wá kọ létà pé kí onítọ̀hún wá sọ tẹnu rẹ̀.

Ìdí nìyí tí létà náà fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ni ẹnu ọ̀nà tó kù. Bí ọjọ́ 28 bá kọjá láìjẹ́ pé ẹlẹ́wọ̀n náà dáhùn, kò sí mínísítà, kò sí akọ̀wé, kò sí adájọ́ tó lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo kún un. Ọjọ́ tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ bá pé, kì í ṣe ilé ló ń lọ. Àtìmọ́lé àwọn àjèjì ló ń lọ, láti ibẹ̀ ni wọn ó sì ti wá ọ̀nà tí wọn ó fi gbé e jáde kúrò nílẹ̀ wọn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan lára ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi yóò sọ pé, ṣé ọ̀daràn kọ́? Kí ló wá kàn wá bí wọ́n bá dá a padà sílé? Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ó ṣẹ̀. Adájọ́ ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ó ti dá ẹ̀wọ̀n fún un, ó sì ń ṣe é. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Èyí tó kù lẹ́yìn náà jẹ́ ìbéèrè mìíràn pátápátá: ṣé kí ọkùnrin yìí pàdánù ibi tó pè nílé, kí wọ́n sì dá a padà sọ́wọ́ àwọn tó sá fún? Ìjọba Ọsirélíà fúnra rẹ̀ gbà pé ìbéèrè náà ní ìdáhùn ju ẹyọ kan lọ, torí bí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, kò ní kọ létà pé kó wá sọ̀rọ̀. Bí èèyàn bá sì fẹ́ gbọ́ ìdáhùn, ó yẹ kí ẹni tó ń bi ní ìbéèrè gbọ́ ìbéèrè náà.

Àwọn baba wa sọ ọ́ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kì í ṣe ẹni tó kọ̀ láti gbọ́ nìkan ni òwe yẹn ń bá wí. Ẹni tó sọ pé òun fẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n tó fi èdè tí ẹnì kejì kò mọ̀ pè é wá síbi ẹjọ́, ẹjọ́ ẹnìkan ni òun náà ń dá.

Agbẹjọ́rò gbé ọ̀rọ̀ EFX17 lọ sílé-ẹjọ́. Ní ọdún 2019, adájọ́ mẹ́ta ní Federal Court gbé e yẹ̀ wò, méjì nínú wọn sì dá a láre. Ohun tí àwọn méjèèjì rí ni ohun tí èmi náà rí: ìpè tí ẹni tí a pè kò lè lóye kì í ṣe ìpè. Mínísítà kò gbà, ó gbé ọ̀ràn náà lọ sí High Court, èyí tó jẹ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ọsirélíà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, adájọ́ márùn-ún níbẹ̀ sọ pé àwọn kò rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí òfin sọ pé kí mínísítà fún ẹlẹ́wọ̀n ní ìwé, kó sì pè é kó wá ṣàlàyé, ohun tí òfin wí náà ló wí, kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìwé bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ti fún un. Òfin kò fi dandan lé e pé kí mínísítà kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹlẹ́wọ̀n mọ̀wé, bóyá ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bóyá ara rẹ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ dá ṣáṣá, tàbí bóyá ohun tó lè fi dáhùn wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà.

Síbẹ̀, ọkùnrin náà jàre. Ìdí mìíràn ló mú un jàre: létà náà kò fi hàn kedere ọjọ́ tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ 28 náà, bẹ́ẹ̀ òfin fẹ́ kó hàn. Nítorí àṣìṣe yẹn, ìpè náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọkùnrin tí kò lè ka létà wá jàre nítorí pé wọn kò kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ inú rẹ̀ dáadáa. Inú mi dùn pé ó jàre, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí ohun tó mú un jàre, nítorí kò ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ìjọba kàn lè tún létà náà kọ, kó sọ ọjọ́ tó tọ́, ó parí. Ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n bá fún ní tuntun yóò tún jókòó tì í, kò ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti dé iwájú High Court ṣáájú, ní ọdún 2004. Ọmọdé kan tó dá wá láti Afghanistan, tí kò sí òbí lọ́dọ̀ rẹ̀, wà ní àtìmọ́lé àwọn àjèjì. Wọ́n sọ fún un lẹ́nu pé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ láti gba ààbò kò wọlé, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìwé ìdájọ́ lé e lọ́wọ́. Ilé-ẹjọ́ ní kíkà ọjọ́ tó fi lè pe ẹjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀, torí pé ìwé kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ gbé ẹjọ́ méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú wọn, ìwé ni òfin ń tọ pa. Bí ìwé kò bá dé ọwọ́, ọjọ́ kò bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé bá dé ọwọ́, ọjọ́ bẹ̀rẹ̀, kódà bí ẹni tó gbà á bá dojú rẹ̀ kodò mú un.

Èmi kò dá àwọn adájọ́ náà lẹ́bi. Iṣẹ́ wọn ni láti ka òfin bí aṣòfin ti kọ ọ́. Òfin náà ni mo ń bá wí, àti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń lò ó. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: òfin yìí kan náà sọ pé kí mínísítà fi ìwé ránṣẹ́ ní ọ̀nà tó bá rí i pé ó bá ipò nǹkan mu. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tó ní wọn ò gbọdọ̀ fi èdè Hazara, tàbí Lárúbáwá, tàbí Yorùbá kọ ojú ewé kan mọ́ ọn. Kò sí ohun tó ní kí ẹnì kan má pe ògbufọ̀ lórí fóònù, kó ka létà náà sí ẹlẹ́wọ̀n létí. Ọsirélíà sì ní ètò fún un. Láti ọdún 1973 ni ìjọba wọn ti ní iṣẹ́ ògbufọ̀ orí fóònù, èyí tí wọ́n ń pè ní TIS National lónìí, tí ẹnikẹ́ni lè pè tọ̀sán-tòru. Láti ọdún 1977 ni wọ́n ti ní àjọ kan, NAATI, tó ń dán àwọn ògbufọ̀ wò, tó sì ń fún wọn níwèé ẹ̀rí. Orílẹ̀-èdè tó ní gbogbo èyí kò lè sọ pé agbára òun kò ká a.

Àwọn ọmọ Ọsirélíà fúnra wọn kò ṣaláì mọ ohun tí ìgbẹ́jọ́ òdodo jẹ́. Ẹjọ́ kan wà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin níbẹ̀ máa ń kọ́, Kioa v West, tí High Court dá ní oṣù Kejìlá ọdún 1985. Ọkùnrin kan láti erékùṣù Tonga wọ Ọsirélíà ní 1981 láti gba ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1982, ìjì líle kan tí wọ́n ń pè ní Isaac jà ní Tonga, ó ba ilé àti oko jẹ́. Ọkùnrin yìí dúró kọjá àsìkò tí físà rẹ̀ gbà á láyè, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Nígbà tí ọwọ́ bà á, iléeṣẹ́ ìjọba kọ ìwé kan fún ẹni tó máa pinnu bóyá kó lọ tàbí kó dúró. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń bá àwọn mìíràn tó ń yẹ òfin sílẹ̀ ṣe wọlé-wọ̀de. Wọn kò fi hàn án. Wọn kò bi í. Mẹ́rin nínú àwọn adájọ́ márùn-ún ní ìyẹn kò dára: ẹ̀sùn tó lè ba tèèyàn jẹ́, tí ẹ sì fẹ́ lò, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ sí i létí kó lè dáhùn. Ọmọ Tonga kan tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé ló jẹ́ kí àjèjì lónìí ní ẹ̀tọ́ yẹn níbẹ̀, àfi níbi tí aṣòfin bá ti fi ọwọ́ ara wọn mú un kúrò, bí wọ́n ti mú un kúrò nínú ìlà tuntun ọdún 2014.

Ẹ jẹ́ ká gbà báyìí pé ẹlẹ́wọ̀n kan rí ẹni ka létà fún un, ó dáhùn lásìkò, wọ́n kọ̀ fún un, ó sì fẹ́ kí ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́ gbé e yẹ̀ wò. Ìgbìmọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní Administrative Review Tribunal, èyí tó rọ́pò ti àtẹ̀yìnwá ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni òfin fún un láti pe ẹjọ́. Bí ìgbìmọ̀ kò bá sì dájọ́ láàárín ọjọ́ 84, òfin á kà á sí pé wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí físà rẹ̀ kú. Ìwé tó bá fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ mínísítà ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ méjì ṣáájú ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Agbẹjọ́rò pàápàá á sáré kó tó bá gbogbo ìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ kò ní agbẹjọ́rò.

Ṣùgbọ́n níwájú ìgbìmọ̀, òfin yàtọ̀ sí ti létà. Ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè béèrè ògbufọ̀, ìgbìmọ̀ sì gbọ́dọ̀ pèsè rẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá rí i pé Gẹ̀ẹ́sì onítọ̀hún tó. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti wá kúrò lórí pé ògbufọ̀ wà tàbí kò sí. Ó ti di pé, ṣé ògbufọ̀ yìí mọ iṣẹ́?

Yorùbá ní àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Níwájú àwọn tó ń pinnu físà, ohun tó ń dá sílẹ̀ burú ju ìjà lọ: ó ń sọ olóòótọ́ di òpùrọ́. Àwọn olùgbẹ́jọ́ wọ̀nyí kì í sábà ní ẹlẹ́rìí mìíràn. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ọ̀rọ̀ èèyàn bára mu. Ó sọ ọdún kan lánàá, ó sọ òmíràn lónìí, wọ́n á ní irọ́ ló ń pa. Ẹ gbọ́ bí ìyẹn ṣe lè ṣẹlẹ̀. Ọmọ Afghanistan tàbí ọmọ Ìráànì kì í ka ọdún bí tiwa. Ọdún wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta. Ọdún tí wọ́n ń pè ní 1388, apá púpọ̀ nínú rẹ̀ bọ́ sí 2009, èyí tó kù bọ́ sí 2010. Ẹni náà sọ pé 1388. Ògbufọ̀ yára ṣírò, ó ní 2009. Lóṣù mélòó kan sí i, ògbufọ̀ mìíràn ṣírò tirẹ̀, ó ní 2010. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò yí ọ̀rọ̀ padà rárá, ṣùgbọ́n nínú ìwé, ó ti sọ ọdún méjì.

Ti àwa Yorùbá náà ńkọ́? Èèyàn á sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ló gbà á sílé. Ògbufọ̀ kan túmọ̀ rẹ̀ sí ọmọ ìyá, òmíràn túmọ̀ rẹ̀ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá. Gbogbo wa mọ̀ pé kò sí irọ́ níbẹ̀. Aláṣẹ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kò mọ̀.

Ní ọdún 1999, Adájọ́ Susan Kenny ti Federal Court gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin kan láti Sri Lanka tó ní ògbufọ̀ òun kò jẹ́ kí òun rí ọ̀rọ̀ òun sọ. Adájọ́ Kenny ka ìwé ìgbẹ́jọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní ohun tí èèyàn máa rí nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló máa fi mọ̀ bóyá ìtumọ̀ burú: ìdáhùn tí kò bá ìbéèrè mu, ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, ìgbà tí ògbufọ̀ àti olùgbẹ́jọ́ ń da ara wọn rú. Bí ìtumọ̀ bá burú débi pé èèyàn kò lè jẹ́rìí fún ara rẹ̀ mọ́, kò tíì sí ìgbẹ́jọ́ kankan. Ìdájọ́ náà gbára lé ohun tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kánádà ti sọ ní ọdún 1994 nínú ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń sọ èdè Vietnam. Nínú ẹjọ́ ti Kánádà yẹn, ògbufọ̀ náà gan-an bọ́ sórí ìdúró ẹlẹ́rìí, ó jẹ́rìí, ó sì wá fi gbólóhùn kúkúrú ṣe àkópọ̀ ẹ̀rí ara rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ń ṣẹjọ́ rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Wọ́n là á kalẹ̀ pé ìtumọ̀ gbọ́dọ̀ máa bá ọ̀rọ̀ lọ láìdáwọ́ dúró, kó péye, kó má gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, kó wá láti ẹnu ẹni tó mọ iṣẹ́, kó sì wáyé lásìkò tí ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu.

Èmi fara mọ́ gbogbo rẹ̀, pàápàá jù lọ ti àìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Bí ogun bá ń jà láàárín ẹ̀yà méjì, tí wọ́n sì mú ọmọ ẹ̀yà kan wá túmọ̀ fún ọmọ ẹ̀yà kejì, bí ògbufọ̀ náà tilẹ̀ jẹ́ èèyàn rere, ṣé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yóò lè tú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i sílẹ̀ níwájú rẹ̀? Àwọn baba wa mọ agbára ògbufọ̀ láyé ìgbà tí òyìnbó ń ṣàkóso. Ẹnu rẹ̀ ni ajẹ́lẹ̀ fi ń gbọ́ràn, ẹnu rẹ̀ náà ni ará ìlú fi ń gbọ́ àṣẹ, bó bá sì yí i, ta ni yóò mọ̀?

Ìbéèrè yẹn, ta ni yóò mọ̀, ló wà nídìí ẹjọ́ DVO16, èyí tí High Court dá ní oṣù Kẹrin ọdún 2021. Ẹjọ́ ẹni tí wọ́n kọ̀ láti fún ní físà ààbò ni, kì í ṣe ti físà tí wọ́n wọ́gi lé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àṣìṣe ìtumọ̀ wáyé nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Àwọn tó tún ìpinnu náà yẹ̀ wò kò pe ẹnikẹ́ni kó wá sọ̀rọ̀. Ìwé nìkan ni òfin ní kí wọ́n kà. Wọ́n kọ́lé sórí ohun tí ògbufọ̀ ti ṣe. High Court gbà pé àṣìṣe ògbufọ̀ lè ba irú àtúnyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ló máa ń bà á jẹ́, èyí tó wáyé nínú ẹjọ́ yẹn kò sì tó. Ọ̀rọ̀ náà ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ fi hàn ohun tí àṣìṣe náà mú kó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù tó wúwo nìyẹn fún ẹni tí kò gbọ́ èdè náà. Bí wọ́n bá ṣì í túmọ̀, òun gan-an ló kẹ́yìn láti mọ̀.

Ìrètí díẹ̀ wà ṣá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ kan náà dá ọmọ Zimbabwe kan láre, ẹni tí wọ́n wọ́gi lé físà rẹ̀, tó sì dúró níwájú ìgbìmọ̀ láìní agbẹjọ́rò. Ìgbìmọ̀ kò fún un láyè tó yẹ láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí wọ́n padà lò lòdì sí i. Àwọn adájọ́ ní kò pọn dandan kó sọ ní pàtó ohun tí ì bá sọ tí wọ́n bá fún un láyè. Ó tó bí ó bá ṣeé ṣe kí ìpinnu yàtọ̀. Mo ka ìdájọ́ yẹn sí ọ̀kan lára àwọn tó dára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó mọ ipò ẹni tó dá dúró níwájú ìjọba láìsí olùrànlọ́wọ́.

Nílé níbí, ìwé òfin wa ti ọdún 1999 sọ̀rọ̀ tó ṣe kedere ju ti Ọsirélíà lọ. Abala 35 ní ẹni tí wọ́n bá mú, kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Abala 36 ní ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, tí kò sì gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ ní kóòtù, ó ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ó wà nínú ìwé. Bí wọ́n ti ń pa á mọ́ tó ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀ rí lẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo gbólóhùn yẹn, “ní èdè tó gbọ́”. Ohun tí létà ọgbà ẹ̀wọ̀n Queensland kò ní nìyẹn. Àbùdá òfin lórí físà ni pé wọn kì í kà á sí ẹ̀sùn ọ̀daràn, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ìṣàkóso lásán ni, bẹ́ẹ̀ ìyà tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ lè pọ̀ ju ti ẹ̀wọ̀n tí adájọ́ dá lọ. Èmi kò rí ìdí kankan tí ẹni tí wọ́n fẹ́ mú kúrò lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ títí ayé fi yẹ kó ní ẹ̀tọ́ tó kéré sí ti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn olè jíjà kàn.

Ọ̀pọ̀ wa yóò sọ pé àwa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà, pé ti àwa yàtọ̀. Gẹ̀ẹ́sì tá a fi ń nájà, tá a fi ń kí ọ̀gá, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tá a fi ń gba ara ẹni sílẹ̀ lọ́wọ́ òfin. Ìyá àgbà tó lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun, kò yẹ kó tijú láti sọ pé Yorùbá ni òun fẹ́ fi dáhùn. Bí èèyàn bá fi ìgbéraga kọ ògbufọ̀, tó wá sọ̀rọ̀ tó lọ́ pọ̀ mọ́ra, ọ̀rọ̀ náà ni wọn ó kọ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi rèé sí yín, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí létà bá dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba ilẹ̀ òkèèrè fún yín tàbí fún ẹni yín, bóyá ní ìwé tàbí lórí kọ̀ǹpútà, ẹ má gbé e pamọ́ títí di ọjọ́ ìsinmi. Ẹ gbé e tọ agbẹjọ́rò tó mọ òfin ibẹ̀ lọ lọ́jọ́ tó dé gan-an, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó dé sára rẹ̀. Bí wọ́n bá pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ sọ èdè tí ẹ fẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì sọ ẹ̀ka èdè tí ẹ ń sọ bí èyí bá ṣe pàtàkì. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín tàbí ìyàwó yín túmọ̀ fún yín lórí ọ̀rọ̀ tó tó báyìí. Bí ẹ kò bá gbọ́ ògbufọ̀ yé, tàbí tí fóònù ń dún gbà-rà-rà, ẹ dá ọ̀rọ̀ dúró níbẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ kó lè wọ inú ìwé. Àwọn ilé-ẹjọ́ wa nílé níbí àti ti òkèèrè ń sọ ọ́ léraléra pé ẹni tó dákẹ́ lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, tó wá ń ráhùn lẹ́yìn ìdájọ́, yóò ṣòro fún un. Ẹ béèrè fún ẹ̀dà ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá dáadáa, tẹ́ ẹ ń gbé ní Melbourne, ní Sydney, ní Perth, ẹ lọ gba ìwé ẹ̀rí ògbufọ̀. Iṣẹ́ tó lọ́lá ni, àwọn èèyàn wa sì nílò yín.